Kí Ni Ìwà Ọmọ Ń Wá? Iṣẹ́ Atúpalẹ̀ Ìhùwàsí Nílé-Ìwé

Iṣẹ́ atúpalẹ̀ ìhùwàsí nílé-ìwé ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Ta ni atúpalẹ̀ ìhùwàsí? Òun ni ẹni tó ń wá ìdí tí ọmọ fi ń ṣe ohun tó ń ṣe nínú kíláàsì, tó sì ń bá olùkọ́ àti òbí ṣètò bí ọmọ náà yóò ṣe kọ́ ìwà mìíràn tó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ yìí ti fìdí múlẹ̀ jù, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò dúró sí jù lọ. Ẹni tí a ó sì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní cognitive science, ìyẹn ìmọ̀ ìrònú, èyí tó ń wádìí bí ènìyàn ṣe ń ronú, bó ṣe ń rántí nǹkan, bó ṣe ń kọ́ èdè, àti bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìmọ̀ náà gbòòrò gan-an. Nígbà tí Yunifásítì California ní San Diego dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1986, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé, ṣe ni wọ́n kó onímọ̀ èdè, onímọ̀ ọpọlọ, onímọ̀ kọ̀ǹpútà àti onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá jọ sábẹ́ òrùlé kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jáde nírú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí, ó sì lè ka ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé kó yé e. Àmọ́ iṣẹ́ wo ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dárúkọ? Kò dárúkọ kankan. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ilé ìwòsàn ń dúró de òun, ẹni tó kàwé òfin mọ ọ̀nà ilé ẹjọ́. Ẹni tó ka ìmọ̀ ìrònú ni yóò fúnra rẹ̀ wá ibi tí yóò yà sí. Ilé-ìwé wà lára ibi tó lè yà sí, ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, yóò kọ́kọ́ bá ìjà àtijọ́ kan pàdé.

Ìjà wo nìyẹn? Ìjà àwọn tó ní ìwà tí ojú lè rí ni ká máa wádìí, pẹ̀lú àwọn tó ní inú orí lọ̀rọ̀ wà. B. F. Skinner ni aṣáájú ìhà kìíní. Ní 1938 ló tẹ ìwé rẹ̀, The Behavior of Organisms, jáde, ó sì fi hàn níbẹ̀ pé ohun tó bá tẹ̀lé ìwà kan ló ń pinnu bóyá ìwà náà yóò tún wáyé. Ní 1957, ó kọ òmíràn lórí bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Noam Chomsky bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé yẹn, ó ní irú àlàyé bẹ́ẹ̀ kò tó láti ṣàlàyé èdè ọmọ ènìyàn. Àríwísí yẹn wà lára ohun tó bí ìmọ̀ ìrònú ti òde òní. Abájọ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó kà á fi ń jáde pẹ̀lú èrò pé ti Skinner ti parí.

Kò parí rárá. Bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń jiyàn lórí èdè, àwọn mìíràn ti gbé ìmọ̀ Skinner wọ kíláàsì lọ. Ní 1968 ni ìwé àtìgbàdégbà wọn, Journal of Applied Behavior Analysis, bẹ̀rẹ̀. Donald Baer, Montrose Wolf àti Todd Risley ṣàlàyé nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ pé ìwà tó já mọ́ nǹkan fún ènìyàn láwùjọ ni kí wọ́n máa fi ìmọ̀ náà tún ṣe, kí ìyàtọ̀ tó bá wáyé sì hàn débi tó wúlò. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ ilé-ìwé dúró lé títí di òní.

Kí wá ni atúpalẹ̀ ìhùwàsí ń wò? Ohun mẹ́ta péré ni: ohun tó ṣáájú ìwà, ìwà náà fúnra rẹ̀, àti ohun tó tẹ̀lé e. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Wíwo ẹ̀yìn yẹn gan-an niṣẹ́ yìí. Ọmọ kan ju ìwé sílẹ̀: kí ló ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú? Olùkọ́ lé e jáde: kí ni ọmọ náà rí gbà nínú lílé tí wọ́n lé e? Ìdí tí ìwà fi ń wáyé kò sì pọ̀ tó bí ènìyàn ṣe rò. Ọmọ lè máa wá kí ojú àwọn èèyàn wà lára òun. Ó lè máa sá fún ohun tó nira fún un. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan wà tó fẹ́ gbà. Ìwà náà fúnra rẹ̀ sì lè máa tẹ́ ọmọ náà lọ́rùn, kódà bí kò bá sẹ́nìkan nítòsí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ìwà kan náà lè ní ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ọmọ méjì, ohun tó tún ti ọ̀kan ṣe sì lè ba ti èkejì jẹ́ pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan wà ní kíláàsì kẹta nílé-ìwé ìjọba. Olùkọ́ ní oníjàgídíjàgan ni. Atúpalẹ̀ ìhùwàsí kò ní kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe ń ka jàgídíjàgan. Yóò béèrè pé, kí ni ọmọ náà ń ṣe gan-an? Ó ń fa ìwé iṣẹ́ ya, ó ń ju pẹ́ńsù, ó sì ń ti tábìlì. Ó dáa, ìyẹn ṣeé kà.

Atúpalẹ̀ wá lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé àti aago. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, olùkọ́ pín ìwé ìṣirò tí ogún ìbéèrè wà lójú rẹ̀. Ọmọ náà wò ó, ó fi orí lé tábìlì. Olùkọ́ ní, "Ó yá, bẹ̀rẹ̀." Kò dáhùn. Olùkọ́ tún un sọ, ọmọ náà bá fa ìwé ya sí méjì. Wọ́n ní kó máa lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Ó dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń lọ. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, tí wọ́n ń ka ìtàn, ọmọ yìí kan náà nawọ́ sókè, ó dáhùn ìbéèrè, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án, ìwé ìṣirò tún dé. Ìwé tún ya.

Kí ni àkọsílẹ̀ yẹn ń sọ? Olùkọ́ rò pé ìyà lòun fi ń jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ìsinmi ni ọmọ náà ń gbà. Gbogbo ìgbà tó bá ti fa ìwé ya ni ìṣirò ń dópin. Àmọ́ ọjọ́ kan kò tó fún ìdájọ́. Atúpalẹ̀ yóò tún padà wá ní ọjọ́ mìíràn àti ní àkókò mìíràn, yóò sì ní kí ẹlòmíràn bá òun ka ìwà kan náà lọ́tọ̀, kí wọ́n wá fi àkọsílẹ̀ méjèèjì wéra. Bí iye tí wọ́n kà bá jìnnà síra, a jẹ́ pé wọn kò tíì ṣàpèjúwe ìwà náà dáadáa.

Ohun tí wọn yóò ṣe lẹ́yìn náà kò le lójú, ṣùgbọ́n ó le lọ́wọ́. Wọ́n á dín ìbéèrè ogún kù sí márùn-ún. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọmọ náà tilẹ̀ mọ ìyọkúrò tó wà nínú ìṣirò yẹn, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè ṣe é, bó ti wù kí wọ́n pàrọwà fún un tó. Wọ́n á kọ́ ọ bí yóò ṣe gbé káàdì kan sókè tí wọ́n kọ "Mo fẹ́ sinmi díẹ̀" sí. Bó bá ti gbé e sókè, ó gba ìṣẹ́jú méjì. Bó bá fa ìwé ya, wọ́n á rọra gbé òmíràn síwájú rẹ̀, kò sí ọ́fíìsì mọ́. Edward Carr àti Mark Durand ló tẹ ìwádìí jáde ní 1985 pé bí ọmọ bá rí ọ̀rọ̀ tó lè gba ohun kan náà fún un, ìwà líle rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ohun tí káàdì yẹn ń ṣe nìyẹn.

Ṣé ìwà náà yóò yí padà lọ́jọ́ kejì? Rárá o. Ó lè burú sí i ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ọmọ náà yóò gbìyànjú ọ̀nà àtijọ́ pẹ̀lú agbára kó tó fi í sílẹ̀. Bí wọn kò bá ti sọ èyí fún olùkọ́ ṣáájú, láàárín ọjọ́ mélòó kan ni yóò ti da ètò náà nù. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba, àmọ́ ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ pé yóò kólòlò.

Ibí yìí ni ẹni tó ka ìmọ̀ ìrònú ti máa ń rí ìyàtọ̀ tó jinlẹ̀ jù lọ. Ní yunifásítì, ó ti mọ́ ọn lára láti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, kó pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì, kó wá ìpíndọ́gba, kó sì sọ pé ọ̀wọ́ yìí ju tọ̀hún lọ. Nílé-ìwé, ìpíndọ́gba kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ tó ń fa ìwé ya. Ọmọ kan ṣoṣo ni ìwádìí náà, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi í wé. Wọ́n á ka ìwà rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fa ìlà sórí gíráàfù, wọ́n á tún máa kà á lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìlà náà. Nígbà mìíràn wọ́n á dá ètò dúró díẹ̀ láti mọ̀ bóyá òun ló ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ tàbí pé ọmọ náà kàn ń dàgbà ni. Ẹni tó mọ ìwádìí yóò tètè mọ adùn ọ̀nà yìí, bó bá lè gbàgbé ìpíndọ́gba fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tó tún gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ ni kó máa yára tọ́ka sí inú orí. Bí ọmọ kò bá tẹ̀lé àṣẹ alápá mẹ́rin, onímọ̀ ìrònú lè sọ pé kò lè gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, ìmọ̀ rẹ̀ sì wúlò níbẹ̀ gan-an, nítorí ẹlòmíràn ì bá pè é ní orí kunkun. Ṣùgbọ́n àlàyé kò tíì di iṣẹ́. Kí wọ́n fún ọmọ náà ní àṣẹ ẹyọ kan, kí wọ́n kà á. Kí wọ́n fún un ní méjì, kí wọ́n kà á. Àkọsílẹ̀ ni yóò sọ ibi tó ti ń já.

Ta ló wá fún iṣẹ́ yìí láyè nílé-ìwé? Òfin ni. Ní 1975, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣòfin pé gbogbo ọmọ tó ní ìpèníjà gbọ́dọ̀ rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bá a mu gbà nílé-ìwé ìjọba. Ní 1990, wọ́n yí orúkọ òfin náà padà sí Individuals with Disabilities Education Act, wọ́n sì dárúkọ ọ́tísíìmù nínú rẹ̀ lọ́tọ̀. Àtúnṣe 1997 ló wá mú ọ̀rọ̀ ìhùwàsí wọlé gan-an: bí ilé-ìwé bá fẹ́ lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílé ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ wádìí bóyá ìpèníjà rẹ̀ ló fa ìwà náà. Bó bá jẹ́ òun ni, wọ́n ní láti wá ìdí ìwà náà, kí wọ́n sì ṣètò bí yóò ṣe yí padà. Ta ni yóò ṣe ìwádìí yẹn? Bí àyè ṣe ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Òfin kan náà ní kí ilé-ìwé pe òbí síbi ìpàdé tí wọ́n ti ń ṣètò ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, kí wọ́n sì wá ògbufọ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì kò bá já gaara sí òbí náà. Òbí Yorùbá tó wà níbẹ̀ lè béèrè fún èyí láìtijú. Bẹ́ẹ̀ ni atúpalẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá lè rí ohun tí ẹlòmíràn kò ní rí. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ nílé pé kó má máa ranjú mọ́ àgbà lè dé iwájú olùkọ́, kó sorí kọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í wojú ènìyàn. Ẹ̀kọ́ ilé ni, kì í ṣe àìsàn.

Ọ̀nà wo ni ẹni tó gba dìgírì àkọ́kọ́ yóò gbà? Ọ̀pọ̀ máa ń ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ tàbí ẹni tí wọ́n ń pè ní Registered Behavior Technician. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ogójì wákàtí ni, pẹ̀lú àyẹ̀wò bó ṣe ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti ìdánwò, alábòójútó ni yóò sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọ̀gá. Ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí pẹ̀lú ọmọ, ọmọ ń géni jẹ, ó ń tutọ́ síni lára. Síbẹ̀, ó dára kí ènìyàn ṣe é fún sáà kan kó tó náwó sórí dìgírì kejì, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀ bóyá kíláàsì bá òun lára mu.

Ìwé ẹ̀rí tó ń sọni di atúpalẹ̀ ní kíkún ni BCBA, èyí tí àjọ Behavior Analyst Certification Board (BACB) ń fúnni. Ọdún 1998 ni wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀. Wọ́n ń béèrè dìgírì kejì tí àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n là sílẹ̀ wà nínú rẹ̀, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì wákàtí iṣẹ́ lábẹ́ alábòójútó, àti ìdánwò. Ibì kan wà níbẹ̀ tó máa ń já ọ̀pọ̀ kulẹ̀: wákàtí tí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dìgírì kejì yẹn kì í wọ ìṣirò. Lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀ náà, jíjókòó ti ọmọ nìkan kò tó. Ó lé ní ìdajì àwọn wákàtí náà tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti wíwádìí ìdí ìwà, kíkọ ètò, yíya gíráàfù àti kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tí alábòójútó rẹ̀ kò bá fún ní irú iṣẹ́ wọ̀nyí yóò pẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tún ní ìwé àṣẹ tiwọn, àwọn ilé-ìwé kan sì tún fẹ́ ìwé ẹ̀rí olùkọ́, nítorí náà òfin ìpínlẹ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ kà.

Báwo ni ilé-ìwé ṣe yàtọ̀ sí ilé ìtọ́jú? Ní ilé ìtọ́jú, ọmọ kan ló ń kojú òṣìṣẹ́ kan, ìnṣọ́ránsì ló sì sábà máa ń sanwó. Nílé-ìwé, olùkọ́ ló ni kíláàsì. Atúpalẹ̀ kàn ń wá, ó ń lọ ni. Ó lè máa bójú tó ilé-ìwé mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá kọ ètò tó ní kí olùkọ́ máa yin ọmọ kan ní ìṣẹ́jú méjì-méjì nínú kíláàsì ọlọ́mọ márùndínlọ́gbọ̀n, ètò yẹn yóò wà nínú fáìlì títí ọdún yóò fi parí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹni tó ti kọ́ni fún ogún ọdún mọ ohun tí kò sí nínú ìwé, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò rí i bá ṣiṣẹ́. Kì í sì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè é sí. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń lo ètò PBIS, tí Rob Horner àti George Sugai mú gbilẹ̀ láti Yunifásítì Oregon. Gbogbo ọmọ ni wọ́n ń kọ́ ní ìwà nínú ètò yìí bí ẹní kọ́ wọn ní ìwé kíkà, kí wọ́n tó ya àwọn díẹ̀ tó nílò ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ sọ́tọ̀.

Ẹ̀sùn kan wà lórí ìmọ̀ yìí tí kò yẹ kí ènìyàn gbójú fò. Ivar Lovaas, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì UCLA, tẹ ìwádìí jáde ní 1987 tó mú kí àwọn òbí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù máa wá ìtọ́jú yìí lójú méjèèjì. Àmọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, wọ́n lo ohun tó ń dunni lára fún àwọn ọmọ. Lónìí, àgbàlagbà tó ní ọ́tísíìmù ń sọ̀rọ̀ fúnra wọn, wọ́n ní àwọn kan fẹ́ sọ àwọn di ẹlòmíràn. Wọ́n jàre púpọ̀. Bí ọmọ bá ń ju ọwọ́ fìrìfìrì nígbà tí inú rẹ̀ dùn, ta ló pa lára? Kò sídìí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ mú un kúrò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Òfin iṣẹ́ náà ti wá ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọmọ, kí wọ́n gba àṣẹ òbí, kí wọ́n sì kọ́kọ́ lo ohun tó ń fúnni ní ìṣírí kí wọ́n tó ro ti ìjìyà.

Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó ńkọ́? Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni àjọ BACB kò ti gba ìwé ìbéèrè láti Nàìjíríà mọ́. Orílẹ̀-èdè díẹ̀ ló kù tí wọ́n ń bá ṣe. Àjọ mìíràn, International Behavior Analysis Organization, ń fún àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè yòókù ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe BCBA. Nílé níbí, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ti lọ́jọ́ lórí: ọdún 1977 ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wọn, Federal College of Education (Special), èyí tó wà ní Ọ̀yọ́, sílẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn náà sì ní ẹ̀ka fún un. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọ kíláàsì yóò rí ọmọ àti olùkọ́ láti bá ṣiṣẹ́, kódà kí ìwé ẹ̀rí òkèèrè tó dé. Ẹni tó bá sì ń múra àtilọ ka dìgírì kejì lókè òkun, ìbéèrè méjì ni kó bi yunifásítì náà kó tó sanwó: ṣé ẹ̀kọ́ wọn bá ohun tí BACB ń béèrè mu, ṣé wọ́n sì máa bá a wá alábòójútó tó wà nílé-ìwé. Bí wọn kò bá lè dáhùn èkejì, yóò fúnra rẹ̀ máa wá ẹni tí yóò buwọ́ lu wákàtí rẹ̀ ní ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni.